Ọjọ́ Kejì Ọjà ní Èbúté Ọ̀pẹ

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní ìsinmi àárín sáà, Hàbíbàt Fàósátù dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní oríta kan lẹ́yìn Agric ní Ìkòròdú, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lórí pẹ́dàlì. Ọ̀nà kan lọ sí Ìmọ̀tà àti Àgbòwà, ibẹ̀ ni wọ́n rán an. Ọ̀nà kejì lọ sí Ìbéṣè, ẹnikẹ́ni kò rán an níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Rùkáyàt, ti yí imú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sí ọ̀nà Ìbéṣè, ó sì ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí ó mọ̀ pé Hàbíbàt yóò tẹ̀ lé òun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Hàbíbàt, ó wà ní ọdún karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, orí rẹ̀ sì pé. Ẹni tí ó rán an ni Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, olùkọ́ jọ́gíráfì wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn olùkọ́ yòókù ń gun ọ̀kadà. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé kì í pẹ́ dé, kì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí owó ọkọ̀, ni àwọn kan bá ní àwọn náà fẹ́ máa gùn ún. Bí ẹgbẹ́ ológeere, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, ní ọdún 2006.

Ohun tí ó wà lọ́kàn Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe orí títì ọlọ́dà tí tírélà ti ń lé ènìyàn wọ inú igbó ni ó fẹ́ kí wọ́n gbà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó ń bá etí omi lọ ni ó fẹ́, láàárín igi ògùrọ̀ àti oko ẹ̀gẹ́, níbi tí ènìyàn ti lè máa wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, kí ó máa kí àwọn apẹja, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ sí i lára. Bí ọ̀nà náà bá dára, ọdọọdún ni ẹgbẹ́ yóò máa rìn ín. Àmọ́ ọ̀nà yìí kò dé Ẹ̀pẹ́ tààrà. Ó parí sí Èbúté Ọ̀pẹ, ọjà kékeré kan létí odò, ọkọ̀ ojú omi ni yóò sì gbé wọn sọdá níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì débẹ̀ rí nínú wọn. Olùkọ́ ní ìpàdé ní Ìkẹjà lọ́jọ́ náà, ló bá yan Hàbíbàt, tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nínú yíya àwòrán ilẹ̀, pé kí òun àti Rùkáyàt lọ yẹ ọ̀nà náà wò.

"Ẹ fi ojú ara yín rí i," ó sọ fún wọn. "Ẹ wo ọ̀nà, ẹ wo èbúté, ẹ bèèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ń wà. Tí ẹ ò bá lè débẹ̀, ẹ padà wá sọ fún mi. Kò sí ìjà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Hàbíbàt ń rántí ní oríta. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń mú, Àgbòwà sì jìnnà. Rùkáyàt ní bùọ̀dá òun ra ẹ̀rọ fídíò tuntun, epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, màmá àgbà sì ń dín ẹja lọ́wọ́. Ó tún ní ohun kan tí ó wọ Hàbíbàt létí ju fídíò àti ẹja lọ: màmá àgbà yìí ti ná ọjà Èbúté Ọ̀pẹ fún ogún ọdún kí orúnkún tó dá a dúró sílé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ wò níbẹ̀ tí ìyá náà kò mọ̀? Ta ni yóò sì mọ̀ pé wọn ò lọ?

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Hàbíbàt mọ òwe náà, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé àròkọ rí, olùkọ́ sì fún un ní máàkì lórí rẹ̀. Ó yí imú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà Ìbéṣè.

Wọ́n wo fíìmù méjì lọ́jọ́ náà. Láàárín méjèèjì, Hàbíbàt jókòó ti màmá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, ó sì ń bèèrè. Ìyá náà dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í, tìdùnnú-tìdùnnú, nítorí ó ti pẹ́ tí ọmọdé kankan ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Èbúté Ọ̀pẹ tẹ́jú, bí ẹni tẹ́ ẹní sílẹ̀ ni, láti etí omi títí dé abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń pàtẹ sí. Ó ní ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́ńjìnnì máa ń wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, bí mẹ́wàá, wọ́n á máa lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n á máa bọ̀. Ó ní òní gan-an ni wọ́n ń ná an, pé àǹtí Rùkáyàt ti bá ọkọ̀ lọ láti ìdájí.

"Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ná an, mà?" Hàbíbàt bèèrè.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni," ìyá náà dáhùn. "Ọjọ́ kẹsàn-án òní ni wọ́n tún máa ná an."

Hàbíbàt kà á lórí ìka. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni ó fi ṣe ọjọ́ kìíní, bí a ṣe ń ṣe é lórí kàlẹ́ńdà. Ó kà á títí, ìka kẹsàn-án sì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta náà gan-an ni olùkọ́ fẹ́ kí wọ́n lọ. Kò bèèrè bóyá bí òun ṣe kà á ni ìyá náà ṣe ń kà á. Kò sì bèèrè ọ̀nà tí ìyá náà máa ń gbà débẹ̀. Ká ní ó bèèrè ni, ìbá gbọ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi ni màmá àgbà ti ń lọ láti Ìbéṣè fún ogún ọdún, kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ọ̀nà orí ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ya àwòrán ọ̀nà náà, ó fi yẹ́lò kun oko, ó fi búlúù kun omi. Ó kọ "ilẹ̀ títẹ́jú" sí ibi tí ọ̀nà ti dé èbúté, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ná ọjà, pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tún kàn. Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ gbé e síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ẹ débẹ̀?"

"A débẹ̀, sà," Hàbíbàt dáhùn. Rùkáyàt ń wo bàtà ara rẹ̀.

Olùkọ́ lẹ àwòrán náà mọ́ ara ògiri kíláàsì, ó ní kí gbogbo wọn wá wo iṣẹ́ ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hàbíbàt rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ náà ni ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò rí olùkọ́ tó bá di ọ̀la. Ọ̀la kì í tán.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbéra. Márùn-ún ni wọ́n: Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, Hàbíbàt, Rùkáyàt, ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kabir, àti Olúṣèyí Ọláòtán. Olúṣèyí ni ẹni tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Industrial Estate. Kẹ̀kẹ́ tí bàbá náà ń gùn lọ síbi iṣẹ́ kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn ni Olúṣèyí jogún. Ó ti gùn ún dé ipò kìíní ní ìdíje gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Ìkòròdú. Oṣù tí ń bọ̀ ni yóò lọ díje fún ìpínlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ń sọ fún gbogbo ilé Ọlọ́run tó ń lọ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà.

Ká má parọ́, ìrìn òwúrọ̀ náà dùn. Nígbà tí wọ́n kọjá Àgbòwà tí wọ́n sì bọ́ sí ọ̀nà etí omi, ariwo ọkọ̀ dákẹ́ pátápátá. Ọ̀nà iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń yí lọ láàárín igi ògùrọ̀, omi ń yọ lápá ọ̀tún, ó ń fara pamọ́, ó tún ń yọ. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí juwọ́ sí wọn. Lékeléke ń rìn lórí ojúoró bí ẹni ń rìn nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ ń kọrin, kò sì mọ orin kọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó pe Hàbíbàt, ó bi í ìbéèrè nípa ọ̀nà. Ó bi í bóyá afárá igi kan wà níwájú, Hàbíbàt ní ó wà. Kò sí. Ó bi í bóyá wọ́n rí omi mímu rà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní wọ́n rí i. Irọ́ kan kì í dá gbé, yóò ṣáà máa wá ẹnìkejì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ba Hàbíbàt lẹ́rù ni pé wọn ò pàdé ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ọjà ni, ọjọ́ ọjà sì ni, ó yẹ kí wọ́n máa pàdé ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ru ẹ̀gẹ́, ẹni tó fa ewúrẹ́. Ọ̀nà dá wáí.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, igbó ṣí, wọ́n sì rí odò níwájú wọn, ó fẹ̀, ó ń dán. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Ìdagẹ̀rẹ́ ni, ilẹ̀ pupa, ó sì ṣẹ́ kọ̀rọ̀ kí ojú tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ àti Kabir ṣì wà lẹ́yìn, ṣéènì Kabir ti yọ. Olúṣèyí tó wà níwájú fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó wẹ̀yìn.

"Hàbíbàt, ìwọ lo mọ ibí. Ṣé ó tẹ́jú dé ìsàlẹ̀? Ṣé kí n tú u sílẹ̀?"

Rùkáyàt wo Hàbíbàt. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ó yẹ kí ó sọ: mi ò mọ̀. Ó dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, ìbéèrè kejì ni yóò tẹ̀ lé e: ṣebí o wá síbí? Ó rántí àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ní kíláàsì. Ó rántí pé màmá àgbà ní ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní.

"Ó tẹ́jú," ó ní. "Máa lọ."

Olúṣèyí rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dàlì bí ọmọdé, ó sì lọ. Wọ́n gbọ́ tí ó ń hó fún ayọ̀ títí ó fi kọjá kọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ gbì kan, àti ariwo irin. Híhó náà sì dákẹ́.

Ọ̀gbàrá òjò oṣù kẹwàá ti gbẹ́ kòtò kan gba àárín ọ̀nà kọjá ní ìsàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ náà, ó jìn tó ìbàdí ènìyàn. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti fi ìtì igi kan dábùú rẹ̀. Ìtì igi náà ni táyà iwájú lọ kọ lù. Kẹ̀kẹ́ ti ká bí ìwọ̀ ẹja, Olúṣèyí sì wà nínú kòtò, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ nísàlẹ̀ orúnkún, egungun sì yọ síta. Kò ké. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Olùkọ́ dé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ya á, ó fi ọ̀pá méjì há ẹsẹ̀ náà, ó sì dì í. Òun àti Kabir gbé Olúṣèyí lọ sábẹ́ àtíbàbà kan létí omi. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ni gbogbo wọn wá gbójú sí. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà mọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yóò gbé e débẹ̀ ní ogójì ìṣẹ́jú, ọsibítù sì wà níbẹ̀.

Kò sí ọkọ̀ kankan. Kò sí ọjà. Àtíbàbà òfìfo ni, ewé tí wọ́n fi di ẹ̀kọ nílẹ̀, ìpẹ́ ẹja, àti ajá kan tó ń họ ilẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ti ẹ̀yìn àtíbàbà jáde, ó ń rìn bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá Mojúbàolú ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀ láàárín ọjà sí ọjà, nítorí ẹnikẹ́ni kì í gbé Èbúté Ọ̀pẹ. Nígbà tí ó rí ẹsẹ̀ náà, ó fi ọwọ́ lérí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọkọ̀ ńkọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ bèèrè. "Ọjọ́ ọjà kọ́ lòní?"

"Àná la ná an," bàbá náà dáhùn. "Wọ́n ti lọ tán."

"Wọ́n sọ fún wa pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni. Ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ la fi ń ṣe ọjọ́ kìíní, ọmọ mi. Láti ayé àwọn bàbá wa náà ni." Ó kà á fún un lórí ìka, Ọjọ́bọ̀ ni ìka kìíní, ọjọ́ Ẹtì ni ìka kẹsàn-án. Àná.

Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ yíjú sí Hàbíbàt. Kò bínú, ìyẹn sì burú jù. Ó kàn wò ó bí ẹni tó ń retí pé kí ọmọ náà ṣàlàyé ohun tí kò yé òun.

Ọkọ̀ kékeré tí bàbá náà ní wà ní ìdojúdé lórí iyanrìn, ó ń fi òwú àti ọ̀dà dí ihò rẹ̀, ihò mẹ́ta ṣì là sílẹ̀ gbàgà. Fóònù alágbèéká olùkọ́ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó gbé e sókè, ó gun orí ìtì igi, asán ni. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ọmọ tí egungun rẹ̀ yọ síta sórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà iyanrìn fún wákàtí méjì. Nítorí náà, olùkọ́ mú Kabir, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ padà sí Àgbòwà láti lọ wá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Kí ó tó lọ, ó sọ fún Hàbíbàt pé kí ó máa fún Olúṣèyí lómi díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ó sùn.

Ìjókòó yẹn ni Hàbíbàt kò ní gbàgbé láéláé. Ó ní ọwọ́ méjì, ó ní ẹsẹ̀ méjì, ara rẹ̀ le koko, kò sì sí ohun kan ṣoṣo láyé tí ó lè ṣe. Ó fún un lómi. Ó lé eṣinṣin. Ó wo omi. Bàbá Mojúbàolú dá iná ewé tútù kí èéfín lè gòkè, bóyá apẹja kan yóò rí i, ṣùgbọ́n gbogbo etí odò náà ni wọ́n ti ń sun ẹja lójoojúmọ́, ta ni yóò ka èéfín sí nǹkan?

Ní nǹkan bí aago méjì, Rùkáyàt fò dìde. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lọ lókèèrè, ó kún fún èrò, ó dorí kọ ìhà Ẹ̀pẹ́. Hàbíbàt sáré wọ inú omi dé orúnkún, ó tú ìborí rẹ̀, ó ń jù ú sókè, ó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń dún ju ohùn rẹ̀ lọ. Àwọn èrò rí i. Obìnrin kan nawọ́ sókè, ó juwọ́ sí i. Ọkùnrin kan tún juwọ́, àwọn ọmọdé tó wà nínú ọkọ̀ náà ń juwọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n rò pé àwọn ọmọ etídò ló ń kí wọn. Ọkọ̀ náà ń lọ títí ó fi di bíńtín lójú omi, kò sì sí mọ́.

Nígbà tí ó padà sábẹ́ àtíbàbà, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Olúṣèyí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ti tutù, àwọ̀ wọn sì ti yí padà. Olúṣèyí ní òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú.

"Lọ́jọ́ tí o wá," ó ní, "ṣé kòtò yẹn ti wà níbẹ̀?"

Hàbíbàt bú sẹ́kún. "Mi ò wá," ó ní. "Ìbéṣè la lọ. Mi ò dé ibí rí."

Olúṣèyí yí ojú rẹ̀ sí ìhà odò, kò sì yí i padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Hàbíbàt bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bú òun, kí ó sọ ohunkóhun. Omi ń lu iyanrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń lù ú láti àárọ̀.

Ó kọjá aago mẹ́rin dáadáa kí wọ́n tó gbọ́ dídún ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ ló jókòó síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti lọ síbi ìsìnkú ní ìlú kejì, wọ́n ní láti wá a lọ síbẹ̀, ewéko ojú omi sì ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà. Nígbà tí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́, ó ti ń lọ sí aago mẹ́fà.

Dókítà ọsibítù náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní egungun kọ́ ni ìṣòro, egungun máa ń san. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já lábẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ náà mọ́ láti òwúrọ̀. Ká ní wọ́n gbé e dé ní ọ̀sán gangan, ìbá ṣeé gbà là. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá Olúṣèyí fi ọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọmọ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Lọ́jọ́ Ajé Hàbíbàt kò dúró kí wọ́n pè é. Ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ní Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ kò mọ nǹkan kan. Wọ́n dá òun àti Rùkáyàt dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó rò pé ìyẹn yóò yọ olùkọ́ nínú wàhálà, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí àgbàlagbà fi rán ọmọdé níṣẹ́ tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó jìnnà, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ ológeere. Lọ́jọ́ tí ó ń lọ, Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ ní òótọ́ ni wọ́n sọ, òun náà ní ẹ̀bi tòun. Hàbíbàt ìbá fẹ́ kí ó na òun ju kí ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Hàbíbàt, Alágbà Bísíríyù, mú un lọ sí ọsibítù láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyá Olúṣèyí, Agnes, jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Bíbélì lórí itan rẹ̀, kò ṣí i. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Hàbíbàt kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń tì í láti rí bàbá rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ dìde, sà," Agnes sọ. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Kò sí ohun tí mo lè fi ṣe." Lẹ́yìn náà ó wo Hàbíbàt. "Wọlé lọ bá a. Ó ní tí o bá wá, kí n jẹ́ kí o wọlé."

Olúṣèyí fẹ̀yìn ti irọ̀rí, aṣọ bo ìdajì ara rẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí kò yẹ kí ó ti tẹ́. Ó ti rù. Hàbíbàt dúró ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ́ sórí nínú ọkọ̀ sì fò lọ.

"Mo ti rò ó títí," Olúṣèyí ní. "Pé o ò dé ibẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí jù. Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí. Mo bi ẹ́ ni. Tí o bá ti ní o ò mọ̀, màá sọ̀ kalẹ̀, màá fọwọ́ fa kẹ̀kẹ́ mi lọ sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Nọ́ọ̀sì kan wọlé láti wẹ ojú egbò, ó ní kí Hàbíbàt máa lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan ni. Ọ̀pọ̀ wa ni a ti yà sí Ìbéṣè nígbà tí wọ́n rán wa ní Àgbòwà, tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, tí a sì rò pé ọgbọ́n ni a gbọ́n. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ìtìjú ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀ nígbà tí kò mọ̀, kò lè mọ ibi tí yóò parí sí, kò sì lè mọ ara ẹni tí yóò parí sí. Hàbíbàt kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó fi kọ́ ọ.